Ebi Tí Ẹ Fi Ń Pa Ara Yín Nítorí Ẹnu Aráyé

ÌBÉÈRÈ

"Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Ẹni ọdún 38 ni mí, mo ga ní mítà 1.65. Kílò 66 ni mo wọ̀n nígbà tí àwọn ará ọ́fíìsì wa dá ìdíje sílẹ̀ pé ẹni tó bá dín ara kù jù lọ ni yóò gba ẹ̀bùn. N kò kọ́kọ́ fẹ́ bá wọn ṣe é, ṣùgbọ́n kò sí ìgbà tí mo ṣí abọ́ oúnjẹ mi tí ẹnì kan kì í sọ̀rọ̀ sí i. Àbúrò ọkọ mi náà ní kí n ṣọ́ra, pé mo ti ń di ọ̀róbó. Mo bá bẹ̀rẹ̀. N kì í jẹ nǹkan kan títí di ìrọ̀lẹ́. Kí n tó gun òṣùwọ̀n láàárọ̀, mo máa ń yọ yẹtí, aago àti òrùka. Láàárín ọ̀sẹ̀ 10, kílò 11 ti lọ, gbogbo èèyàn sì ń kí mi kú oríire. Ṣùgbọ́n irun mi ń já, òtútù ń mú mi lójú oòrùn, nǹkan oṣù mi kò wá láti oṣù 3. Lóru, mo máa ń dúró sẹ́nu fíríìjì, n ó máa jẹun láìtan iná títí inú mi yóò fi fẹ́ bẹ́. Kílò 4 ti padà. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 11, bi mí pé ṣé itan òun kò ti tóbi jù. Kí ló dé tí n kò lè kó ara mi níjàánu? Kí ni mo lè ṣe tí kílò 4 yẹn yóò fi tún lọ?"

ÌDÁHÙN

Arábìnrin mi, ẹ kú ìnira. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tí ẹ fi kádìí lẹ́tà yín. Mi ò ní bá yín wá ọ̀nà tí kílò 4 yẹn yóò fi tún lọ. Ara yín ló sáré lọ mú un padà, wàhálà kékeré sì kọ́ ló ṣe kó tó rí i mú. Bí mo bá bá yín lé e lọ, èmi náà ti di ọ̀kan lára àwọn tó ń fúngun mọ́ yín nìyẹn.

Nǹkan oṣù yín ni ká kọ́kọ́ mójú tó. Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ lọ rí dókítà. Kí wọ́n yẹ̀ yín wò bóyá oyún ni, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò bóyá ó tó, kí wọ́n wo táírọ́ìdì, ẹ̀yà ara inú ọrùn tó ń darí bí ara ṣe ń lo agbára, kí wọ́n wo èròjà potassium inú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ wo bí ọkàn yín ṣe ń lù. Ẹ sọ ti kílò 11 náà fún wọn bó ṣe rí gan-an, ẹ sì sọ ti oúnjẹ òru. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi èyí pamọ́ nítorí ìtìjú, dókítà á wá máa wá àìsàn tí kò sí níbẹ̀. Bí òyì bá ń kọ́ yín bíi kí ẹ dákú, tàbí tí àyà yín ń lù ségesège, ẹ má dúró de ọjọ́ àdéhùn. Ọjọ́ náà ni kí ẹ lọ.

Mo fura sí ohun tí wọn yóò bá, ó sì dára kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó débẹ̀. Apá kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, kò tó orí àtàǹpàkò, òun ló máa ń ṣírò oúnjẹ tó ń wọlé àti agbára tó ń jáde. Bí oúnjẹ bá dín kù kọjá ààlà, á bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn iṣẹ́ tí ẹ̀mí kò so mọ́ tì, oyún níní sì wà lára ohun tó máa ń kọ́kọ́ pa tì. Kò ní ránṣẹ́ sí ilé ẹyin mọ́, ilé ẹyin á dákẹ́, họ́mónù estrogen, ọ̀kan lára àwọn èròjà tí ara fi ń ránṣẹ́ kiri, á wálẹ̀. Estrogen yìí kan náà ló ń ṣọ́ egungun obìnrin. Nítorí náà, obìnrin tí ebi dá nǹkan oṣù rẹ̀ dúró lè máa pàdánù egungun láìmọ̀, nítorí egungun kì í dunni nígbà tó bá ń fúyẹ́. Bí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bá tún ń jẹun dáadáa, nǹkan oṣù máa ń padà, bó tilẹ̀ lè gba oṣù mélòó kan. Egungun tó ti lọ kì í fi gbogbo ìgbà padà tán. Ìdí tí mo fi ní ọ̀sẹ̀ yìí nìyẹn, tí mi ò sọ pé nígbà tí ìdíje bá parí.

Ní ti irun, èyí tó ń já lónìí, ó ti tó oṣù 2 sí 3 tí ara ti yọwọ́ lọ́rọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun lọ́la, á ṣì máa já fún ìgbà díẹ̀ kó tó dúró. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn já yín láyà. Òtútù ní tirẹ̀ kò ṣòro láti yé: ara ti dín iná kù kí epo má bàa tán.

Ẹ wá bi mí pé kí ló dé tí ẹ kò lè kó ara yín níjàánu. Gbólóhùn yìí ló dùn mí jù nínú lẹ́tà yín. Ẹni tó fi ebi dín ìdá kan nínú mẹ́fà ara rẹ̀ kù láàárín ọ̀sẹ̀ 10 ni ẹ ń pè ní ẹni tí kò ní ìjàánu. Mo fẹ́ sọ ìtàn àwọn ọkùnrin kan fún yín, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń parí lọ, tí ebi ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní Yúróòpù, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, Ancel Keys, fẹ́ mọ ohun tí ebi ń ṣe fún ara àti bí a ṣe lè fi oúnjẹ tún un ṣe. Ó kó ọkùnrin 36 jọ. Ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn, ara wọn le, orí wọn pé, àwọn fúnra wọn ló yọ̀ǹda ara wọn. Ẹ̀rí ọkàn wọn kò jẹ́ kí wọ́n gbé ìbọn lọ sójú ogun, wọ́n sì fẹ́ ṣe ohun tó máa ṣe aráyé lóore. Ní 1945, fún ọ̀sẹ̀ 24, wọ́n ń fún wọn ní oúnjẹ tó tó nǹkan bíi kálórì 1,570 lójúmọ́ (kálórì ni a fi ń wọn agbára inú oúnjẹ), wọ́n sì ń rìn tó kìlómítà 35 lọ́sẹ̀. Ẹ wo iye kálórì yẹn dáadáa. Ọ̀pọ̀ ètò oúnjẹ tí àwọn èèyàn ń pín fún ara wọn lórí fóònù lónìí kò tó o.

Wọ́n pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara wọn, òun náà ni wọ́n sì ń retí. Ohun tó ya àwọn olùwádìí lẹ́nu ni ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú orí wọn. Oúnjẹ gba gbogbo ọkàn wọn. Àwọn tí kò dáná rí ń ka ìwé ìdáná bí ẹni ń ka ìwé mímọ́, wọ́n ń da ìlànà oúnjẹ kọ. Oúnjẹ tí kò yẹ kó gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á bomi sí i kó lè pọ̀, wọ́n á jókòó tì í fún wákàtí méjì, wọ́n á sì lá abọ́ náà. Ìfẹ́ obìnrin kúrò lọ́kàn wọn. Òtútù ń mú wọn nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Irun wọn ń já. Ìbínú wọn yá, wọ́n ń yẹra fún èèyàn, àwọn kan sorí kọ́. Ọ̀kan lára wọn fi àáké gé ìka ọwọ́ rẹ̀ mẹ́ta, òun fúnra rẹ̀ kò sì lè sọ bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Nígbà tí wọ́n tún ní kí wọ́n máa jẹun bó ṣe wù wọ́n, àwọn kan jẹ ìlọ́po mẹ́ta ohun tí wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀, inú wọn kún dé góńgó, síbẹ̀ ebi ṣì ń pa wọ́n. Ọ̀rá padà sí ara wọn kí ẹran ara tó padà, ó sì kọjá iye tó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ìjàánu ọkùnrin wọ̀nyí pé. Torí rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi mú wọn. Ẹ wá padà sí ọ̀dọ̀ ara yín níbi tí ẹ dúró sí lẹ́nu fíríìjì yẹn, láìtan iná. Ẹ kò jẹ̀bi. Ẹni tí ebi ti pa fún ọjọ́ àádọ́rin ni yín, ara yín sì ń ṣe ohun tí a dá a láti ṣe.

Láti ìgbà yẹn, a ti mọ̀ sí i nípa bí ara ṣe ń jà padà. Ní 1994, Jeffrey Friedman àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Rockefeller rí họ́mónù kan tí wọ́n pè ní leptin. Inú ọ̀rá ló ti ń jáde, òun ló máa ń sọ fún ọpọlọ pé oúnjẹ ṣì wà nípamọ́. Bí ọ̀rá bá dín kù, leptin á já wálẹ̀, ọpọlọ á sì gbọ́ ọ bí ẹni gbọ́ pé ìyàn ti mú. Họ́mónù mìíràn wà, ghrelin, tó máa ń ti ikùn wá láti ké pe oúnjẹ. Òun ní tirẹ̀ á lọ sókè. Àwọn olùwádìí ní Ọsirélíà fún àwọn èèyàn 50 tó sanra ní oúnjẹ tí kò pọ̀ rárá fún ọ̀sẹ̀ 10, iye ọ̀sẹ̀ kan náà pẹ̀lú tiyín, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Nígbà tí ọdún kan ti kọjá lẹ́yìn náà, àwọn họ́mónù wọ̀nyí kò tíì padà sí bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀, ebi sì ṣì ń pa wọ́n ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìwádìí yìí jáde ní 2011. Ní 2016, Kevin Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún yẹ èèyàn 14 wò tí wọ́n ti díje lórí tẹlifísàn ní Amẹ́ríkà láti dín ara kù. Ọdún 6 ti kọjá. Mẹ́tàlá nínú wọn ti tún sanra sí i, síbẹ̀ ara wọn ń jó nǹkan bíi kálórì 500 lójúmọ́ kéré sí ohun tó yẹ kí ara tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ máa jó. Ọdún 6, arábìnrin mi! Ìdíje ti parí, wọ́n ti pàtẹ́wọ́ tán, àwọn olùwòran ti lọ sílé, ara sì ṣì ń ṣọ́ra bí ẹni pé ìyàn yóò tún mú.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ń sọ pé ẹni tó tún sanra padà kò nífẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ tó, ẹ má fara mọ́ ọn. Ní 2007, Traci Mann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn ìwádìí tó tọ ipa àwọn tó ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ jọ, wọ́n sì rí i pé láti ìdá kan nínú mẹ́ta títí dé ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ló tún gba ara tó ju èyí tí wọ́n dín kù lọ.

Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan: ta ló sọ fún yín pé ẹ sanra jù? Kì í ṣe dókítà. Bí a bá fi gíga yín pín kílò 66 yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ohun tí a máa rí ni 24.2, àwọn elétò ìlera sì ka 18.5 sí 24.9 sí ìwọ̀n tó dára. Àní ìṣirò yìí fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Onímọ̀ ìṣirò ará Bẹ́ljíọ̀mù kan, Adolphe Quetelet, ló gbé e jáde láàárín ọdún 1830 sí 1840, nígbà tó ń wá bí ìrísí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rí bí a bá pa wọ́n pọ̀. Kì í ṣe dókítà, kò sì ṣe é láti yẹ aláìsàn kan wò. Ancel Keys kan náà tó fi ebi dán àwọn ọkùnrin yẹn wò ló wá fún un ní orúkọ tí a fi ń pè é lónìí, BMI, ní 1972. Ó wúlò fún wíwo agbo èèyàn. Kò lè sọ ibi tí ọ̀rá wà lára ẹnì kan, kò mọ ẹran ara yàtọ̀ sí ọ̀rá, kò sì mọ bóyá ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún ń ru.

Ẹnu àwọn ará ọ́fíìsì àti ẹnu àbúrò ọkọ yín ló wọ̀n yín. Ẹnu yìí sì ní agbára tí a kì í fẹ́ gbà pé ó ní. Ẹ jẹ́ kí n fi ibì kan hàn yín. Ní agbègbè Nadroga ní erékùṣù Fiji, ọdún 1995 ni tẹlifísàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Anne Becker láti Yunifásítì Harvard fọ̀rọ̀ wá àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ lẹ́nu wò nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó sì tún padà ní 1998. Ní ìgbà àkọ́kọ́, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní òun máa ń fi ọwọ́ fa èébì kí òun má bàa sanra. Ní ìgbà kejì, 11 nínú 100 ti ń ṣe é, àwọn 74 nínú 100 sì ní ó máa ń ṣe àwọn bíi pé àwọn ti tóbi jù. Ara àwọn ọmọ yẹn kò yí padà láàárín ọdún mẹ́ta. Ohun tí wọ́n ń fi ara wọn wé ló yí padà.

Ní ìpínlẹ̀ Victoria ní Ọsirélíà, wọ́n tọ ipa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 14 àti 15 fún ọdún mẹ́ta. Àwọn ọmọbìnrin tó ń fi ebi pa ara wọn gidigidi kí wọ́n lè rù, ewu pé wọ́n á ní àìsàn tó ń da jíjẹun rú tó ìlọ́po 18 ti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò ṣọ́ oúnjẹ jẹ. Àwọn tó kàn ń ṣọ́ ọ níwọ̀nba pàápàá, ìlọ́po 5. Àìsàn wọ̀nyí ń pani. Anorexia, èyí tí èèyàn kì í fẹ́ jẹun mọ́ nítorí ẹ̀rù sísanra, wà lára àwọn àìsàn ọpọlọ tó ń pani jù lọ. Karen Carpenter, olórin Amẹ́ríkà tí gbogbo ayé mọ̀, jẹ́ ẹni ọdún 32 nígbà tí ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ ní 1983 lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tó ti ń bá a jà.

Àwọn tó ń fi ara ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́ sábà máa ń ní àánú ló ń ṣe àwọn, pé nítorí ìlera ni. Ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 2015 tó fi hàn pé àwọn tí wọ́n ń fojú burúkú wò nítorí ìwọ̀n ara wọn tètè ń kú ju ẹgbẹ́ wọn lọ, kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ìwọ̀n ara fúnra rẹ̀ kúrò nínú ìṣirò. Ìtìjú kì í jẹ́ kí èèyàn lọ sílé ìwòsàn, kì í jẹ́ kó jáde lọ ṣe eré ìdárayá níbi tí wọ́n á ti máa wò ó, ó sì máa ń lé e padà sídìí oúnjẹ lóru. Ẹ̀yin náà ti rí ti òru.

Kíkí kú oríire náà wà lára fífúngun mọ́ni. Mo sọ èyí nítorí pé mo ti ṣe é rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, obìnrin kan wọlé tọ̀ mí wá, ó ti rù dáadáa ju ìgbà tí mo rí i gbẹ̀yìn lọ. Kí n tó bi í léèrè ohunkóhun, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ara yín ti fúyẹ́." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì dákẹ́. Àṣé táírọ́ìdì rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ jù, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ tábìlì, kò sì rí oorun sùn láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Gbogbo ẹni tó bá pàdé ti ń kí i, kò wá mọ ẹni tó máa sọ fún pé ara òun kò yá. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti kí ẹnikẹ́ni fún rírù mọ́.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka èyí kó wá rò pé mo ní kò sí ẹni tó yẹ kó dín ara kù. Wọ́n wà. Ní 2002, ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà tó kó èèyàn tó lé ní 3,200 jọ, àwọn tí àtọ̀gbẹ ti ń sún mọ́, fi hàn pé àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ láti dín nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn kù, tí wọ́n sì ń ṣe eré ìdárayá ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, dín ewu àtọ̀gbẹ kù ní ìdá 58 nínú 100. Ẹ wo ìyàtọ̀ rẹ̀: àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló fi wọ́n síbẹ̀, olùrànlọ́wọ́ wà nítòsí wọn, ìdá 7 ni wọ́n ń lé, wọn kò sì kánjú. Ẹni tí dókítà bá ní kó ṣe irú rẹ̀, kó ṣe é. Ẹni tí wọ́n kọ abẹ́rẹ́ tuntun tó ń dín ara kù fún, kí dókítà tó kọ ọ́ máa bójú tó o. Ohun tí mò ń bá jà ni ìdíje, ìtìjú, àti ebi àpakú.

Ìkánjú náà tún ní èrè tirẹ̀. Bí ọ̀rá bá ń yọ́ kíákíá, ẹ̀dọ̀ á da ọ̀pọ̀ cholesterol, irú ọ̀rá kan, sínú òróòro, á sì lè di òkúta níbẹ̀. Ẹni tí irú òkúta bẹ́ẹ̀ bá ti mú lábẹ́ ìhà ọ̀tún lóru kò ní gbàgbé. Ẹran ara náà ń lọ pẹ̀lú ọ̀rá, títí kan agbára apá àti ẹsẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì yín bá sì gbé tíì ìdínsanra wá, ẹ má mu ún. Púpọ̀ nínú wọn, oògùn ìyàgbẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Ara ti gba oúnjẹ tán kó tó dé ìfun tí oògùn náà ń tì; omi àti potassium ló ń gbé jáde, potassium tó bá sì wálẹ̀ jù lè dá ọkàn dúró. Ti àwọn oògùn ìdínsanra mìíràn ń kọ́? Fenfluramine ba fáàfù ọkàn àwọn èèyàn jẹ́ kí wọ́n tó kó o kúrò lọ́jà Amẹ́ríkà ní 1997. Sibutramine tẹ̀ lé e ní 2010. Oníṣòwò kan kì í sọ èyí fúnni.

Àwọn dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù gbé ìbéèrè márùn-ún kalẹ̀ ní 1999 fún irú ọ̀ràn yìí. Ǹjẹ́ ẹ máa ń mú ara yín bì nítorí pé ẹ yó jù? Ǹjẹ́ ẹ ń bẹ̀rù pé ẹ kò lè ṣàkóso iye tí ẹ ń jẹ mọ́? Ǹjẹ́ ẹ ti pàdánù ju kílò 6 lọ láàárín oṣù mẹ́ta? Ǹjẹ́ ẹ gbà pé ẹ sanra nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń sọ pé ẹ ti rù jù? Ṣé ẹ lè sọ pé oúnjẹ ló ń darí ayé yín? Ẹni tó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí méjì, kó lọ rí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀. Nínú lẹ́tà yín nìkan, mo ka ó kéré tán mẹ́ta. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí dókítà, ẹ bi í ní onímọ̀ ìlera ọpọlọ tó mọ̀ nípa àìsàn jíjẹun. Kò túmọ̀ sí pé orí yín dàrú. Ẹ tètè mọ̀ ni, ẹni tó bá sì tètè mọ̀ ló máa ń tètè bọ́.

Ní báyìí ná, láti ọ̀la: ẹ jẹun kí ẹ tó jáde nílé. Kì í ṣe nǹkan ìpanu tí ẹ fi ń tan ara yín, oúnjẹ tó ní amúaradàgbà, tó ní ohun tó ń fúnni lágbára, tó ní ọ̀rá díẹ̀. Ẹ tún jẹun lọ́sàn-án, ẹ jẹ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ sì jẹ nǹkan díẹ̀ láàárín wọn kó má máa kọjá wákàtí mẹ́rin. Ó lè dà bíi pé ó pọ̀ jù. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, inú yín lè wú, òṣùwọ̀n sì lè fò sókè ní kílò kan tàbí méjì, omi ni. Bí ti òru bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ má fi ebi san án láàárọ̀, nítorí ebi àárọ̀ ló ń bí ti òru. (Ẹni tó bá ti rù gan-an, tàbí tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ohunkóhun fún ọjọ́ púpọ̀, kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ púpọ̀ lójijì láìsí dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó léwu fún ọkàn. Tiyín kò tíì dé ibẹ̀.)

Ẹ gbé òṣùwọ̀n yẹn kúrò nílé. Kó wà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ kan, tàbí kí ẹ fún ilé ìwòsàn. Yẹtí kò ju gíráàmù díẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ omi ara nìkan máa ń yí padà láti àárọ̀ sí alẹ́ ní ìlọ́po àìmọye yẹtí. Nígbà tí mo ka ibi tí ẹ ti ń yọ òrùka kí ẹ tó gun un, ó ṣe mí bíi kí n dìde lọ bá yín gbé e jáde.

Ní ọ́fíìsì, ẹ yọ orúkọ yín kúrò nínú ìdíje náà. Ẹ kò ní láti ṣàlàyé. "Dókítà mi ní kí n dáwọ́ dúró" ti tó, òótọ́ sì ni, torí mo ti sọ ọ́. Bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ sí oúnjẹ yín, ẹ wò ó lójú kí ẹ sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, n kì í fẹ́ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ nípa ohun tí mò ń jẹ," kí ẹ sì máa bá oúnjẹ yín lọ. Ẹ̀ẹ̀kan kò ní tó. Ní ìgbà kẹta, wọ́n á yé. Ní ti àbúrò ọkọ yín, ọkọ yín ni kó bá a sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín ka lẹ́tà tí ẹ kọ sí mi. Bóyá kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ kì í tan iná tí ẹ bá ń jẹun lóru.

Ó wá ku ti ọmọ yín. Ọmọbìnrin ọdún 11, ara rẹ̀ ń múra sílẹ̀ láti di obìnrin. Ìdí á gbòòrò, itan á kún, ọ̀rá á pọ̀ sí i kí nǹkan oṣù tó bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, àwọn ọdún yìí náà ni egungun tí yóò lò títí dọjọ́ ogbó ń kóra jọ. Ẹ má kàn dá a lóhùn pé "rárá o, ìwọ ò sanra," nítorí ohun tó máa gbọ́ ni pé sísanra ni ohun tó burú jù tó lè ṣẹlẹ̀ sí èèyàn. Ẹ bi í pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un, níbo, nígbà wo. Ẹ gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin náà ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn, pé ó mú yín ṣe ohun tó pa yín lára, àti pé ẹ ti dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹ jókòó jẹun pẹ̀lú rẹ̀, kó rí i pé ẹ̀ ń jẹ, kó rí i pé ẹ jẹ ẹ́ tán. Ọmọ tó rí ìyá rẹ̀ tó ń yọ yẹtí kó tó gun òṣùwọ̀n ti kọ́ nǹkan kan. Yóò kọ́ èyí náà. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi oúnjẹ pamọ́, tí kì í fẹ́ bá yín jẹun mọ́, tàbí tó ń pẹ́ nílé ìwẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ mú òun náà wá.

Ẹ kọ̀wé sí mi nígbà tí èsì àyẹ̀wò bá jáde. Mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n bá nínú ẹ̀jẹ̀ yín àti iye tí potassium jẹ́, mo sì fẹ́ gbọ́ ohun tí ọmọ yín sọ nígbà tí ẹ bi í léèrè.